Ọ̀sán Yóò Dòru: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ọjọ́ Tí Òṣùpá Yóò Bo Oòrùn Lójú

Láti ìgbà tí a ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí pé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn lójú pátápátá lórí ọ̀nà tóóró kan tó gba gúúsù Sípéènì, àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Sáúdí kọjá, ni lẹ́tà ti ń wọlé lójoojúmọ́. Mo ka gbogbo wọn. Márùn-ún ni mo mú síbí nítorí pé wọ́n kó ìbéèrè ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú, mo sì gé wọn kúrú díẹ̀. Ọ̀sán-dòru ni mo ń pe ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn tán porogodo. Bí kò bá bò ó tán, ìbojú apá kan ni mo pè é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ń tọ́jú owó láti lọ ṣe Úmúrà, a sì fẹ́ kí ó bọ́ sí ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ ọdún 2027. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí i kà pé Mẹ́kà àti Jeddah wà lójú ọ̀nà òkùnkùn náà. Inú mi dùn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ìyá mi. Wọ́n ní inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ni àwọn yóò wà ní ọjọ́ náà, àwọn yóò sì ta aṣọ bo ojú fèrèsé. Ṣé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́? Bí a bá sì jáde, kí ni a ó rí?
— Ìyá Àmínà, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ìyá Àmínà, ẹ bá mi kí Ìyá wa, kí ẹ má sì bá wọn wí nítorí ẹ̀rù yìí, torí pé kò sí ẹni tí oòrùn yóò kú mọ́ lójú ní ọ̀sán gangan tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú òkùnkùn náà tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Òṣùpá ló bọ́ sí àárín àwa àti oòrùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá kọjá níwájú àtùpà tí òjìji rẹ̀ sì gba ara ògiri kọjá. Oòrùn wà níbi tó wà, kò sì tú oró kankan jáde tí kì í tú jáde lójoojúmọ́. Ojú nìkan ni ewu wà fún. Oòrùn ọjọ́ náà kò ní mú ju ti àná lọ, àmọ́ ní àná kò sí ẹni tó tẹjú mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà tọmọdé tàgbà ni yóò fẹ́ wò ó. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, èyí tí a fi ń ríran, kì í mọ ìrora. Ó lè jóná kí ẹni tó ni ín má mọ̀, ó di lẹ́yìn wákàtí mélòó kan kí ó tó rí i pé àbàwọ́n dúdú kan ti dúró sí àárín gbogbo ohun tí òun bá ń wò, ìgbà mìíràn sì wà tí àbàwọ́n náà kì í lọ mọ́ láéláé.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ra awò tí a dìídì ṣe fún wíwo oòrùn, tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí lára. Awò dúdú tí a fi ń ṣe fáàrí kò tó, bí ẹ tilẹ̀ to méjì lé ara wọn. Ọ̀nà tí ẹ fi lè dán ojúlówó wò ni pé tí ẹ bá fi sójú nínú ilé, ẹ kò gbọdọ̀ rí ohunkóhun, ì báà jẹ́ àga, ì báà jẹ́ ògiri. Oòrùn nìkan ló yẹ kí ó hàn nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ ó rí. Ó ju wákàtí kan lọ tí òṣùpá yóò fi máa jẹ oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gé àkàrà jẹ, fún ìgbà pípẹ́ nínú wákàtí náà sì ni ẹni tí kò bá fi awò wo òkè kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá kù bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìmọ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàjèjì: kò ní pọ́n bíi ti ìrọ̀lẹ́, yóò kàn ṣá ni, òjìji ọwọ́ yín yóò sì mú lórí ilẹ̀ débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun rẹ̀. Ooru yóò rọlẹ̀. Àwọn ẹyẹ yóò máa wá ibi tí wọn yóò sùn. Lẹ́yìn náà ni òjìji òṣùpá fúnra rẹ̀ yóò ti ìwọ̀-oòrùn dé bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí kò sì dún. Ìkángun oòrùn tó kù yóò tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí òkúta dáyámọ́ńdì lára òrùka, yóò sì kú. Ìgbà yẹn ni ẹ ó bọ́ awò kúrò lójú, kì í ṣe kí ó tó di ìgbà yẹn. Ẹ ó rí òṣùpá bí ihò dúdú kan lójú sánmà, adé oòrùn yóò sì yí i ká, funfun bí òwú tí a ya síta lọ́nà gbogbo. Ojoojúmọ́ ni adé náà ń bẹ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni kì í jẹ́ kí a rí i. Àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù yóò yọ. Bí ẹ bá yí ara yín ká, ẹ ó rí i pé gbogbo etí sánmà pọ́n yíká bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, kì í ṣe ìwọ̀-oòrùn nìkan. Bí dáyámọ́ńdì náà bá tún yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ dá awò padà sójú kíá.

Ní Mẹ́kà, òkùnkùn náà yóò lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní Jeddah yóò súnmọ́ mẹ́fà. Ní agbègbè Luxor ní Íjíbítì, níbi tó ti máa pẹ́ jù, yóò tó ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 23. Kò ní sí èyí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di ọdún 2114. Ìdí tó fi pẹ́ ni pé òṣùpá yóò súnmọ́ wa ní àsìkò náà, ayé yóò sì jìnnà sí oòrùn díẹ̀ ju bó ti máa ń wà lọ, tí òṣùpá yóò fi tóbi lójú wa ju oòrùn lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán-dòru ni kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní ti ẹ̀sìn, ó ṣeé ṣe kí Ìyá mọ̀ jù mí lọ. Ìrun tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, Ṣọlátùl-Kusúfì, rákáà méjì tí rùkúù jẹ́ méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rán wọn létí pé ní ọjọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànọ́bì jáde láyé ni oòrùn dúdú, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ pé ikú ọmọ náà ló fà á. Ànọ́bì fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn pé àmì méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́run ni oòrùn àti òṣùpá, àti pé wọn kì í dúdú nítorí ikú tàbí ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni yóò ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà. Bí Ìyá bá yàn láti wà lórí ìrun ní gbogbo ìṣẹ́jú náà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kí wọ́n kàn má wà lẹ́yìn aṣọ tí a ta bo fèrèsé. Oòrùn oṣù Kẹjọ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹ mú agbòjò àti omi dání fún wákàtí tó ṣáájú òkùnkùn.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n ní oòrùn yóò bò dé ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ní Houston níbí. Mo jáde níbi iṣẹ́, mo fi awò wò ó, mo rí i tó dà bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, mo padà wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi pè láti Dallas, ó ń sunkún lórí fóònù, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣé kì í ṣe pé ó ń bù mọ́ ọn? Ìdá mẹ́fà péré ló ṣáà yà wá.
— Bàbá Túndé, Houston

Bàbá Túndé, àbúrò yín kò bù mọ́ ọn rárá, bóyá ló tilẹ̀ sọ ọ́ tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ju ti òṣùpá àrànmọ́jú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400,000. Nígbà tí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn ṣì ṣẹ́kù ní Houston, ìmọ́lẹ̀ tó tó ti òṣùpá àrànmọ́jú 24,000 ló ṣì ń tàn lé yín lórí. Adé oòrùn ní tirẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú kan ṣoṣo lọ. Báwo ni ẹ ó ti ṣe rí i? Ì bá jẹ́ ìdá kan péré ló ṣẹ́kù, ẹ kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán kò ní dòru. Àbúrò yín rí òkùnkùn náà fún ohun tó súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò ló sì wà láàárín yín.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá yín lẹ́bi, nítorí ohun tó ṣe yín náà ló ṣe mí. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá ti Gánà wọ Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ó gba agbègbè Kàíámà ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, ó sì lọ títí dé Katsina. Ìbàdàn ni mo wà. Rédíò ti sọ fún wa pé oòrùn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán lọ́dọ̀ wa, mo sì gbà pé ìyẹn náà ti tó. Ní bí aago mẹ́wàá kọjá, mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà wa, mo sì wo ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́: ibikíbi tí oòrùn ti gba àárín ewé wọlé, kì í ṣe kóńkó ìmọ́lẹ̀ tí mo mọ̀ ló wà nílẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún oòrùn kéékèèké tó tẹ̀ bí èékánná tí a gé sílẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, wọ́n sì ń mì bí atẹ́gùn ṣe ń mi ewé. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, n kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kàn ṣá bí ti òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, kò ṣú, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó di ọjọ́ kejì kí ojúlùmọ̀ kan tó wà ní Kwárà tó sọ ohun tí òun rí fún mi, bí àwọn ènìyàn ṣe pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà tí gbogbo wọn dákẹ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìrìn òwúrọ̀ kan péré ni n kò rìn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀sán-dòru tèmi àti tiyín. Lẹ́yìn gbogbo ọdún 18 àti nǹkan bí ọjọ́ 11, oòrùn, òṣùpá àti ayé máa ń tún padà sí ipò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ọ̀sán-dòru kan yóò sì tún wáyé tó fara jọ ti ìṣáájú. Nítorí pé wákàtí bíi mẹ́jọ máa ń lé e, apá ibòmíràn ní ayé ni yóò ti bọ́ sí. Ti 2006 ló padà wá sí Amẹ́ríkà ní 2024. Yàtọ̀ sí Alaska, orílẹ̀-èdè tí ẹ wà kò ní rí òmíràn lórí ilẹ̀ ńlá rẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2044. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má dúró de ìyẹn: bí agbára bá wà, ẹ lọ sí Luxor ní 2027, bí kò bá sí, ẹ máa bọ̀ nílé ní 2034, bí ẹ ó ti kà nínú lẹ́tà tó tẹ̀lé èyí.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ pé ọ̀sán-dòru yóò dé ilẹ̀ wa ní ọdún 2034. Ṣé òótọ́ ni? Ní 2006, àwọn kan ń lo fíìmù ẹ̀ẹ̀sì-réè, àwọn kan fi èéfín kun gíláàsì, ìyá mi bu omi sínú ọpọ́n ó sì ní ká máa wò ó nínú rẹ̀. Èwo ni kí n fi kọ́ àwọn ọmọ?
— Olùkọ́ kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Òótọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún 2034, òjìji náà yóò ti orí Òkun Àtìláńtíìkì wọ Nàìjíríà, yóò sì gba Kamẹrúùnù àti Ṣáàdì lọ sí Sùdánì àti Íjíbítì, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ sì ni òkùnkùn náà yóò gbà níbi tó bá ti pẹ́ jù. Bí a bá dúró sójú kan, ìpíndọ́gba ohun tí ibì kan máa ń dúró kí òmíràn tó dé ibẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 375, nítorí náà ẹ rí i pé oore ńlá ni. Ẹ ti ìsinsìnyí wá àwòrán ilẹ̀ tó fi ojú ọ̀nà òjìji hàn, kí ẹ fi ìka tọ́ ìlú yín lórí rẹ̀. Bí ìlú yín bá bọ́ sínú ọ̀nà náà, kí ilé ẹ̀kọ́ má ṣe ti àwọn ọmọ mọ́lé ní ọjọ́ náà. Bí kò bá bọ́ sí i, kó dà bíi pé ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ni ẹ ń kó wọn lọ, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ti súnmọ́ ọn tó.

Kò sí èyí tó dára nínú àwọn mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀. Fíìmù ẹ̀ẹ̀sì-réè àti gíláàsì aléèéfín máa ń dín ìmọ́lẹ̀ tí a rí kù, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí èyí tí a kò rí wọlé. Inú omi ọpọ́n náà ni oòrùn ti ń ta padà sójú. Gíláàsì àwọn wẹ́dà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14 dára, àmọ́ èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa kò dúdú tó bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi ojú ọmọ ọlọ́mọ dán an wò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lò ni asẹ́, asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì gan-an, bó bá jẹ́ oníhò ńlá. Kí àwọn ọmọ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ọ̀kan gbé asẹ́ sókè, kí ẹlòmíràn tẹ́ páálí funfun sílẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan sí i. Ihò kọ̀ọ̀kan yóò ya oòrùn kan sórí páálí náà, wọn yóò sì máa rí i bó ṣe ń dín kù láì wo òkè lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí asẹ́, kí wọ́n fi ìka ọwọ́ ọ̀tún dábùú ti òsì. Àlàfo àárín wọn yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Awò gidi nìkan ni wọ́n lè fi gbójú sókè, ẹ sì rí i pé àgbàlagbà wà lọ́dọ̀ wọn tí yóò sọ ìgbà tí wọ́n lè bọ́ ọ àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ padà.

Bí ẹ bá ń wá ìtàn tí ẹ ó sọ fún wọn, ẹ sọ ti Príncipe, erékùṣù kékeré tó wà nínú òkun níwájú wa níbí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1919, Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Bìrìtìkó, dúró síbẹ̀ kí ó lè ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn nínú òkùnkùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní Sobral ní Bùràsílì fún iṣẹ́ kan náà. Albert Einstein ti sọ pé ìwúwo oòrùn a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n wọn àwòrán wọn, ipò àwọn ìràwọ̀ náà ti yẹ̀ bó ṣe wí. Ẹbí kan náà ni ti 1919 yẹn àti ti 2027 tí a ń dúró dè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọdún 18 ni ọdún 54, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ tó ń lé náà yóò sì ti di odindi ọjọ́ kan, tí yóò fi tún padà sí apá ibi tó ti wá: ó wá sí Áfíríkà ní 1919, ó gba Sàhárà kọjá ní 1973, ó tún ń bọ̀.

Ìyàwó mi fẹ́ bímọ ní àsìkò náà, Íjíbítì sì ni a ń gbé. Wọ́n ní aláboyún kò gbọdọ̀ jáde.
— Bàbá ìkókó

Kí wọ́n jáde. Kò sí ohun tí òjìji òṣùpá ń ṣe fún oyún, bí òjìji igi kò ti ń ṣe é ní nǹkan kan. Àga, omi àti awò ni kí ẹ wá fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà ni ti àwọn Batammaliba ní àríwá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀: wọ́n ní ìjà ni oòrùn àti òṣùpá ń jà ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn ní láti parí ìjà tó wà láàárín ara wọn kí àwọn tòkè náà lè rí i kí wọ́n sì ṣíwọ́.

Ìyá mi kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, nígbà tí a sì fẹ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún wọn ni a kàn fi ọjọ́ kan sí i. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bí àwọn ni ilẹ̀ ṣú, tí àwọn adìyẹ wọlé sùn, tí àwọn agbẹ̀bí sì tan fìtílà. Ṣé ẹ lè bá wa wá ọjọ́ náà?
— Àkọ́bí wọn, Ìjẹ̀bú-Òde

Bí Ìyá bá jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1947 ni. Ní ọjọ́ yẹn, ọ̀sán-dòru gba gúúsù Amẹ́ríkà kọjá, ó la òkun Àtìláńtíìkì, ó sì gba gúúsù Nàìjíríà kọjá ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ wa ló sì fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn tó bá wọn dàgbà ládùúgbò bóyá wọ́n bá ara wọn mu ní ọjọ́ orí; bí ọ̀rọ̀ bá dọ́gba, ẹ ti ní ọjọ́ ìbí wọn dé orí wákàtí. Ìyá yóò jẹ́ ẹni ọdún 86 ní òwúrọ̀ ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún 2034. Bí ìlú yín bá bọ́ sínú ọ̀nà òjìji náà, ẹ gbé àga wọn síta kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ fi awò sí wọn lójú, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè, nígbà tí ilẹ̀ bá tún mọ́, bóyá báyìí ni àwọn agbẹ̀bí ṣe sọ ọ́ fún wọn.